Bí A Ṣe Ń Ṣe Pùrójẹ́ẹ̀tì Àṣekágbá Nínú Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ìkọ́lé: Gọ́tà Àdúgbò Kan ní Ilé-Ifẹ̀ Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ

Ọdún karùn-ún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ìkọ́lé, àwọn tí a máa ń pè ní sífìlì, ń ṣe pùrójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá wọn, ìyẹn iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń hàn pé òun lè mú nǹkan kan láti orí ilẹ̀ lásán títí dé orí àwòrán tí agbaṣẹ́ṣe lè gbé lọ́wọ́ kí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ti ka púpọ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, mo sì ti jókòó ti àwọn àbúrò tó ń kọ ọ́ ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní Iléṣà. Kì í sábà jẹ́ ìṣirò ló ń ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé nọ́ńbà kún inú ìwé náà tí ẹni tó kọ ọ́ kò lè sọ ibi tó ti rí i. Orí ohun kan ṣoṣo ni ìtọ́sọ́nà yìí dúró lé: kò gbọdọ̀ sí nọ́ńbà kankan nínú iṣẹ́ yín tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀, yálà ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín, tàbí ẹ rí i nínú ìwé òfin iṣẹ́, tàbí ẹ ṣírò rẹ̀ láti inú àwọn méjèèjì.

Kí ọ̀rọ̀ má bàa fò lókè, n ó mú àpẹẹrẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: gọ́tà onímítà 300 fún àdúgbò kan ní Ilé-Ifẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ sí ìhà odò Ọ̀pá, tí àgbàrá ti ń wọ ilé àwọn èèyàn. Bí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tàbí afárá kékeré ló wù yín, ọ̀nà kan náà ni ẹ ó tọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ yan ohun tí ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn yí ká

Ẹ má yan ilé alájà ogún, ẹ má sì yan afárá orí odò Ọya. Ẹ yan ohun tí ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn yí ká ní àárọ̀ ọjọ́ kan, tí owó ọkọ̀ tí ẹ ó fi máa lọ síbẹ̀ léraléra kò ní pọ̀ jù fún yín. Ẹ kọ ojú ìwé kan ṣoṣo fún alábòójútó yín, kí ó sọ ibi tí iṣẹ́ náà wà, ìṣòro tó wà níbẹ̀, ohun tí ẹ fẹ́ wọ̀n, àti àwòrán tí ẹ ó yà. Bí ojú ìwé kan kò bá gba ọ̀rọ̀ náà, iṣẹ́ náà ti tóbi jù fún ọdún kan.

Gbígba iṣẹ́ ẹni tó ti ṣe tiwọn lọ ṣáájú, kí a sì yí orúkọ àdúgbò rẹ̀ padà, wọ́pọ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo rọ̀ yín kí ẹ má ṣe é. Yàtọ̀ sí pé olè ni, nọ́ńbà ilẹ̀ ẹlòmíràn kò lè gbé omi àdúgbò yín lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kọ́kọ́ kí àwọn tó ni àdúgbò

Kí ẹ tó gbé irinṣẹ́ kankan dé ojú títì, ẹ lọ kí baálẹ̀ tàbí alága ẹgbẹ́ àwọn onílé, kí ẹ mú lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ yín dání, kí ẹ sì ṣàlàyé pé akẹ́kọ̀ọ́ ni yín. Ọ̀rọ̀ yìí ju ìwà ọmọlúwàbí nìkan lọ. Bí àwọn èèyàn bá rí ọ̀dọ́ mẹ́ta tí wọ́n gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀ níwájú ilé wọn, tí wọ́n ń kọ nǹkan sínú ìwé, ohun tó kọ́kọ́ máa sọ sí wọn lọ́kàn ni pé ìjọba fẹ́ wó ilé, tàbí pé ìjà ilẹ̀ ti dé. Ẹ má fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri ẹnikẹ́ni, nítorí pé àmì ilé tí wọ́n fẹ́ wó ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ẹfun ìkọ̀wé àti èèkàn kékeré tó fún iṣẹ́ yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wo ilẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ sì wò ó nígbà òjò

Ibi yìí ni mo fẹ́ kí ẹ lo àkókò púpọ̀ jù. Òjò Ilé-Ifẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti bí oṣù Ẹrẹ́nà sí Igbe, ó ń le ní Òkúdù àti Agẹmọ, ó máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù Ògún, á sì tún le ní Ọwẹ́wẹ̀ kí ó tó lọ sílé. Ẹni tó bá wo àdúgbò náà ní oṣù Ọ̀pẹ nìkan kò tíì rí i. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ó rí ibi tí ilẹ̀ ti wọ́, ibi tí ìpìlẹ̀ ọgbà ti yọ síta, àti ibi tí iyanrìn kó jọ sí. Nígbà òjò, ẹ ó rí ọ̀nà tí omi fúnra rẹ̀ yàn, èyí tí kì í sábà bá ti inú pulánù mu.

Ẹ sì bi àwọn tó ń gbé ibẹ̀ léèrè. Nígbà kan tí èmi àti àbúrò kan lọ wo irú ibi báyìí, ìyá kan tó ń din àkàrà lẹ́nu ọ̀nà ni a bá sọ̀rọ̀. Wọ́n fi àsùnpọ́n ìdinkàrà ọwọ́ wọn tọ́ka sí ara ògiri ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n ní, “Ibí yìí ló mu dé. Ọwọ́ ni mo fi ń kó ẹ̀wà jáde.” Nígbà tí a tẹjú mọ́ ọn dáadáa, a rí ìlà pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹrẹ̀ fi sílẹ̀ sára ògiri náà ní òkè búlọ́ọ̀kù kejì, ìyẹn nǹkan bí ìdajì mítà láti ilẹ̀. A wọ̀n ọ́n, a ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú téèpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a sì kọ ọjọ́ tí a wọ̀n ọ́n àti ọdún tí ìyá náà ní àgbàrá ọ̀hún dé. Ìlà kan ṣoṣo yẹn wúlò fún wa ju ojú ìwé mẹ́wàá tí a dà kọ láti inú ìwé ẹlòmíràn lọ, torí pé nígbà tí a parí ìṣirò, òun ni a fi mọ̀ bóyá iye omi tí a ṣírò jọ òótọ́.

Ilẹ̀ Ifẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bá omi òjò jà. Ní Ìta Yemòó, àwọn awalẹ̀pìtàn hú ilẹ̀ tí àwọn baba ńlá wa fi àfọ́kù ìkòkò tẹ́ jáde, tí wọ́n to àfọ́kù náà ní ìdúró, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, tí ojú rẹ̀ fi le koko. Ìtàn Ifẹ̀ so irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ Ọọ̀ni Lúwoo. Bí ẹ bá ráyè, ẹ lọ wo irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí ya ti yín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wọn gíga ilẹ̀ fúnra yín

Nígbà tí mo ń ṣe pùrójẹ́ẹ̀tì tèmi, orí fóònù ni mo ti mú gíga ilẹ̀. Ìṣirò mi kò ní àléébù, àwòrán mi sì mọ́ tónítóní. Alábòójútó mi fi ìka tọ gọ́tà náà lórí ìwé láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n ní, “Ibo ni omi yìí ń lọ?” N kò lè dáhùn. Nígbà tí mo padà dé ojú ilẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìwọ̀n, mo rí i pé ẹnu ibi tí mo ní kí omi gbà jáde ga ju ibi tó ti ń bọ̀ lọ. Oṣù méjì iṣẹ́ ni mo tún ṣe. Nọ́ńbà gíga tí fóònù ń fúnni lè fi mítà mélòó kan yàtọ̀ sí òótọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, sẹ̀ntímítà ni gọ́tà ń wò.

Ẹ yá ẹ̀rọ ìwọ̀n gíga ilẹ̀ àti ọ̀pá ìwọ̀n rẹ̀ ní yàrá irinṣẹ́ ẹ̀ka yín. Ẹ wá ibi kan tí kò lè ṣí nípò, bí àpẹẹrẹ orí àtẹ̀gùn kọnkéré tó ti pẹ́, kí ẹ fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ka gíga ní gbogbo mítà 20 lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí ẹ sì kà á níbi gbogbo tí ilẹ̀ bá ti yí padà lójijì. Kí ẹni tó di ọ̀pá mú rí i pé ó dúró ṣánṣán, torí pé ọ̀pá tó bá tẹ̀ yóò fi irọ́ kún nọ́ńbà náà. Ní ìparí, ẹ padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tún un kà. Bí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn bá jẹ́ mìlímítà mélòó kan, ó dára. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ntímítà márùn-ún lórí ìrìn mítà 600 ní àlọ àti àbọ̀, ẹ tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n. Ẹ má pín àṣìṣe yẹn káàkiri kí ó lè bá a mu.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: erùpẹ̀

Ẹ gbẹ́ kòtò méjì tàbí mẹ́ta lójú ọ̀nà gọ́tà náà, kí ó jìn tó mítà kan sí mítà kan àbọ̀. Ilẹ̀ pupa tó le ni ẹ ó sábà bá lókè ní agbègbè Ifẹ̀ àti Iléṣà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ń wọlẹ̀, ẹ lè bá amọ̀ tó ń dán wínníwínní nítorí àpáta abẹ́ ilẹ̀ tó ti jẹrà, tí ìwà rẹ̀ nínú omi yàtọ̀ pátápátá sí ti òkè. Ẹ fi nylon dì í lójú ẹsẹ̀ kí ọ̀rinrin rẹ̀ má bàa sá, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà kòtò, ìjìnlẹ̀ àti ọjọ́ sí i lára. Ní yàrá ìdánwò, ẹ wo iye omi inú rẹ̀, ẹ fi asẹ́ yọ ọ́, kí ẹ sì wo ìgbà tó ń di ẹrẹ̀ àti ìgbà tó ń fọ́. Bí iṣẹ́ yín bá kan títì, ẹ ṣe ìdánwò CBR pẹ̀lú, ìyẹn èyí tí a fi ń mọ bí ilẹ̀ ṣe lágbára tó láti gbé ẹrù. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ fún iṣẹ́ títì ní Nàìjíríà béèrè pé kí ìpele ìsàlẹ̀ (sub-base) ní CBR tó tó 30%, kí ìpele tó wà lábẹ́ ọ̀dà (base) sì tó 80%.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ ṣírò omi

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí ilẹ̀ tó ń da omi sínú gọ́tà náà ṣe fẹ̀ tó. Fún èyí, máàpù orí fóònù wúlò, bí ẹ bá ti fi ẹsẹ̀ rìn ààlà rẹ̀ kí ẹ rí ibi tí omi ti pínyà. Lẹ́yìn náà, ẹ wá bí òjò ṣe ń le tó láti inú àkọsílẹ̀ òjò ti NiMet, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, tàbí ti ibùdó ojú ọjọ́ tó sún mọ́ yín jù lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣìnà níbí: iye ìṣẹ́jú tí ẹ fi wo líle òjò náà gbọ́dọ̀ bá àkókò tí omi láti ibi tó jìnnà jù lọ fi ń dé ẹnu gọ́tà mu. Líle òjò ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kì í ṣe ẹgbẹ́ ti wákàtí kan.

Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ilẹ̀ náà jẹ́ héktà 12, pé òjò tí ẹ yàn ń rọ̀ ní mìlímítà 120 ní wákàtí kan, àti pé, nítorí páànù, kọnkéré àti ilẹ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ le, ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá òjò náà ló ń ṣàn. Ẹ sọ 0.6 di ìlọ́po 120, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 12, kí ẹ fi 360 pín in (360 yìí ló ń sọ mìlímítà, wákàtí àti héktà di m³ ní ìṣẹ́jú àáyá). Ẹ ó rí 2.4 m³ omi ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni gọ́tà yín gbọ́dọ̀ gbé.

Nísinsìnyí, ẹ mú gọ́tà kọnkéré tí fífẹ̀ inú rẹ̀ jẹ́ mítà 1.2, tí omi inú rẹ̀ ga tó mítà 0.7, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì dà ní 1%, ìyẹn mítà mẹ́ta láàárín mítà 300. Bí ẹ bá lo fọ́múlà Manning, èyí tí a fi ń ṣírò bí omi ṣe ń sáré tó nínú gọ́tà, pẹ̀lú 0.015 fún ìrísí ojú kọnkéré, omi náà yóò máa sáré ní nǹkan bí mítà 3.1 ní ìṣẹ́jú àáyá, yóò sì gbé nǹkan bí 2.6 m³, èyí tó ju 2.4 lọ. Ẹ fi mítà 0.3 kún gíga rẹ̀ kí omi má bàa kún dé ẹnu, gọ́tà náà á wá jìn ní mítà kan gbáko.

Ẹ wá wo ohun tí gíga ilẹ̀ ń ṣe. Bí ó bá jẹ́ 0.2% ni ilẹ̀ náà dà, tí ẹ kò sì yí nǹkan mìíràn padà, gọ́tà kan náà kò ní gbé ju nǹkan bí 1.2 m³ lọ, ìdajì ohun tó yẹ kó gbé. Ìyókù yóò wọ ṣọ́ọ̀bù ìyá alákàrà. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ má fi fóònù wọn gíga ilẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ fi ọwọ́ ṣírò kọnkéré àti irin kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà

Ẹ yan ìwé òfin kan, kí ẹ sì dúró tì í. BS 8110, ìwé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún iṣẹ́ kọnkéré, ni púpọ̀ nínú àwọn ìwé kíkà wa ṣì ń lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi Eurocode 2, ìwé òfin ti ilẹ̀ Yúróòpù, rọ́pò rẹ̀ láti ọdún 2010. BS 8110 ń sọ ẹrù tí kì í ṣí nípò di ìlọ́po 1.4, ó sì ń sọ ẹrù tó ń lọ tó ń bọ̀ di ìlọ́po 1.6. Eurocode ń lo 1.35 àti 1.5. Mo ti rí iṣẹ́ tí ojú ìwé kan jẹ́ ti ìwé òfin kìíní, tí èkejì jẹ́ ti ìkejì, tí akẹ́kọ̀ọ́ náà kò sì mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìdérí gọ́tà náà ṣe àpẹẹrẹ, kí ó nípọn ní mìlímítà 150, kí ó wà fún ẹlẹ́sẹ̀ nìkan. Kọnkéré ń wọ̀n tó 24 kN (òṣùwọ̀n ẹrù) ní m³ kan, nítorí náà ìdérí náà fúnra rẹ̀ jẹ́ 3.6 kN lórí mítà kọ̀ọ̀kan níbùú lóròó. Bí ẹ bá gba 5 kN fún àwọn èèyàn tó lè pé jọ lé e lórí, tí ẹ sọ 3.6 di ìlọ́po 1.4, tí ẹ sì sọ 5 di ìlọ́po 1.6 bí BS 8110 ṣe wí, àpapọ̀ ẹrù jẹ́ 13.04 kN. Láti àárín ògiri kan dé àárín ìkejì jẹ́ mítà 1.35, agbára tó fẹ́ tẹ ìdérí náà á wá jẹ́ nǹkan bí 2.97 kNm. Irin tí ìyẹn béèrè kò ju nǹkan bí mìlímítà 62 níbùú lóròó lọ nínú mítà kan, bí irin náà bá jẹ́ ti 460 N/mm². Ṣùgbọ́n ìwé òfin ní kò gbọdọ̀ dín sí 195. Nítorí náà, irin onímìlímítà 10 ní àlàfo 300, tó fún wa ní 262, ni ẹ ó lò. Kọ̀ǹpútà lè fún yín ní ìdáhùn kan náà, ṣùgbọ́n kò ní sọ fún yín pé iye irin tó kéré jù tí òfin gbà láyè ló pàṣẹ níbí, kì í ṣe ẹrù. Ìbéèrè tí àwọn aṣàyẹ̀wò fẹ́ràn láti bi akẹ́kọ̀ọ́ sì nìyẹn.

Bí mọ́tò bá lè gun orí rẹ̀, ìṣirò yìí kò tó. Ẹ má rò pé ẹnu ọ̀nà ilé kan wà ní Ifẹ̀ tí mọ́tò kò ní gbà láéláé. Ní ẹnu ọ̀nà, ẹrù táyà ni kí ẹ lò.

Ẹ ronú nípa ẹni tí yóò máa kó pàǹtí inú rẹ̀ pẹ̀lú. Ìdérí tó gùn ní mítà 1.5, tó fẹ̀ ní mítà 0.4, tó sì nípọn ní mìlímítà 150 ń wọ̀n tó kìlógírámù 216. Ẹni mẹ́rin kò lè ṣí i tí ẹ̀yìn kò ní ro wọ́n, nítorí náà wọn kò ní ṣí i, pàǹtí á sì dí gọ́tà náà láàárín ọdún kan. Ẹ fi àsẹ́ irin sí i ní gbogbo mítà 20, kí ẹ sì yà á sínú àwòrán.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ lè gbé e sínú kọ̀ǹpútà. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá yàtọ̀ sí tọwọ́ yín gan-an, ẹ má tẹ̀ síwájú títí tí ẹ ó fi mọ ìdí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: àwòrán àti iye owó

Àwòrán yín gbọ́dọ̀ fi ibi tí irin ti tẹ̀ hàn, bó ṣe jìnnà sí ojú kọnkéré, àti ibi tí a ti so ó pọ̀, torí pé mítà 12 ni irin ń gùn lọ́jà. Ẹ bi ara yín bóyá bíríkìlà tí kò rí yín rí lè fi àwòrán náà ṣiṣẹ́ láìpè yín lórí fóònù.

Fún iye ohun èlò, bí ògiri, ilẹ̀ àti ìdérí gọ́tà náà bá nípọn ní mìlímítà 150, mítà kan rẹ̀ yóò gba 0.75 m³ kọnkéré, mítà 300 yóò gba 225 m³. Kọnkéré 1:2:4 ń jẹ báàgì sìmẹ́ǹtì mẹ́fà sí méje nínú m³ kan. Iye owó ni kí ẹ lọ béèrè fúnra yín ní ṣọ́ọ̀bù méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ béèrè rẹ̀, nítorí pé iye sìmẹ́ǹtì oṣù tó kọjá lè má wúlò mọ́ lónìí.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ìwé àti ìgbèjà rẹ̀

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìwé náà láti ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ dé ojú ilẹ̀, kì í ṣe nígbà tí gbogbo iṣẹ́ bá parí. Ní ọjọ́ ìgbèjà, ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ ojú ilẹ̀ yín dání, èyí tí ẹrẹ̀ ti ta sí lára gan-an, kì í ṣe èyí tí ẹ tẹ̀ jáde. Bí aṣàyẹ̀wò bá béèrè bí ẹ ṣe mọ̀ pé ilẹ̀ náà dà ní 1%, ẹ ṣí i síbi tí nọ́ńbà náà wà, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ kà á àti ẹni tó di ọ̀pá mú. Bí ẹ kò bá mọ ìdáhùn ìbéèrè kan, ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n, kí ẹ sọ bí ẹ ó ṣe wá a.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹ mú ẹ̀dà àwòrán kan padà lọ fún alága àwọn onílé àdúgbò náà, kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sí iwájú rẹ̀ pé iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni, àti pé wọn kò gbọdọ̀ kọ́ ọ títí tí ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò kí ó sì buwọ́ lù ú. Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà gíga ilẹ̀ tí ẹ wọ̀n wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹnjiníà náà lè rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.